Ẹ Wo Abẹ́ Tábìlì Kí Ẹ Tó Sọ Iye Rẹ̀

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara mi, ẹ̀yìn mi ló ṣiṣẹ́ jù. Àwọn kan ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun, àwọn kan ń fi ẹnu, àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìjókòó lásán ni wọ́n fi ń gba owó oṣù. Èmi Ràṣídì Àkànní, ẹ̀yìn ni mo fi ṣe tèmi. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì sínúkà, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, nílé olówó, nílé ọtí, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣeré, kí n lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí n tó sọ iye tó yẹ kí ènìyàn rà á. Ìyàwó mi, Sìdíkátù, kò rí ẹ̀yìn aṣọ mi kó mọ́ rí. "Bàbá Múínà," á ní, "ṣé ẹ tún ti lọ bá ilẹ̀ sùn ni?" Á gbọn ẹ̀yìn mi pà-pà-pà bí ẹni ń gbọn ẹní, kó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa láti kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ iṣẹ́ mi, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àna mi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ Sìdíkátù. Wọ́n ní, "Tábìlì kẹ̀? Ṣé tábìlì kò lè sọ iye ara rẹ̀ ni?" Kò lè sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ tà á á ní ìṣúra ni, ẹni tó fẹ́ rà á á ní igi ìdáná ni, wọn á wá máa wo ara wọn bí àgbò méjì tó fẹ́ kàn. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. Iye tí mo bá sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí, torí èmi kò tà, èmi kò sì rà.

Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gùn. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kọ́. Mo gé apá kan bùbá lèmọ́mù àdúgbò wa gùn, mo gé ìkejì kúrú, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Bàbá mi wá mú mi lọ sí Òkè Gádà, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùráímọ̀, káfíńtà. Ọ̀gá Bùráímọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n bi bàbá mi pé, "Ṣé ó lè dùbúlẹ̀?" Bàbá mi ní, "Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé nìyẹn." Wọ́n gbà mí lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá Bùráímọ̀ ti bá àwọn òyìnbó tún tábìlì ṣe ní kíláàbù wọn nígbà èwe. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, tábìlì kò ṣeé dì sínú àpótí. Àwọn olówó kòkó rà wọ́n, àwọn lọ́yà rà wọ́n, àwọn onílé ọtí náà rà. Láti Ẹdẹ dé Òṣogbo, dé Ìwó, dé Àrá, kò sí tábìlì kan tí ọ̀gá mi kò mọ ìrìn àjò rẹ̀. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọn kì í pariwo. Bí inú bá bí wọn, ńṣe ni ohùn wọn á tún rẹlẹ̀ sí i, á sì di pé kí o fà sún mọ́ wọn kí o lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ọ.

Ọdún kan gbáko ni n kò fi fọwọ́ kan orí tábìlì. Abẹ́ ni mo wà. Wọ́n á ní kí n wọlé, kí n fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí n gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, kí n máa ka ohun tí mo bá rí fún wọn bí ọmọ iléekéú. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọ̀gá mi ní àwọn àgbà yẹn kò tíì ra tábìlì sínúkà rí. Wọ́n ní ohun tí ọmọdé rí lórí ìdùbúlẹ̀, bí àgbà jókòó títí di ọ̀la, kò lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tábìlì sínúkà gidi, ti àtijọ́, kì í ṣe pákó ló wà lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé tí ẹ ń rí yẹn. Òkúta ni. Òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n tò ti ara wọn, tí ojú wọn dán bí awo. Òkúta yẹn ni owó. Igi ọ̀gánwó tó yí i ká dára, ẹsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ kìnnìún dára, àpò aláwọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dára. Ṣùgbọ́n tí òkúta bá ti sán, tàbí tí kò bá sí òkúta níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀dì tí kò ní mátíràsì lò ń wò yẹn.

Bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Wọ́n á ro iye òkúta àti iye igi pọ̀. Wọ́n á yọ iye aṣọ tuntun kúrò, torí kòkòrò á ti jẹ èyí tó wà níbẹ̀. Wọ́n á yọ ti rọ́bà etí rẹ̀, torí ó ti le, bọ́ọ̀lù á kàn án, kò ní ta padà. Wọ́n á yọ ti ẹsẹ̀ tí ikán bá ti jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ owó ọkùnrin mẹ́jọ tó máa gbé e. "Ẹni tó bá gbàgbé owó àwọn tó máa gbé e," ọ̀gá mi máa ń sọ, "òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e." Bí ẹni tó ń tà á bá wá kígbe pé, "Àtijọ́ ni o! Ti àwọn bàbá wa ni o!" ọ̀gá mi á dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ikán náà ti wà láti àtijọ́."

Ẹyin adìẹ ni wọ́n fi ń wò ó bóyá tábìlì dọ́gba. Wọ́n á fi ẹyin tútù sí àárín. Bí tábìlì bá dọ́gba, ẹyin á mì díẹ̀, á jókòó. Bí kò bá dọ́gba, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sétí, iṣẹ́ mi sì ni láti sáré lọ hán an. Èyí tó bá fọ́, èmi ni màá rà á padà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tó ń ta ẹyin lọ́jà mọ orúkọ mi ju bí ìyá mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n tẹnu mọ́ jù kò kan ẹyin, kò kan òkúta. Wọ́n ní, "Ràṣídì, nílé ẹni tó fẹ́ ta tábìlì, o ò lórúkọ, o ò lóríkì, o ò sì ní bàbá. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, sọ pé ọmọ iṣẹ́ Bùráímọ̀. Ẹni tó bá mọ oríkì rẹ ti di kùkù ọgbọ́n rẹ mú." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan sí i kí n tó wọ inú wàhálà. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ gba fíríìdọ̀mù lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùráímọ̀, wọ́n á pe òbí rẹ̀, wọ́n á pe lèmọ́mù, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á sì sọ gbólóhùn kan pé: "Ohun tí mo mọ̀, o mọ̀ ọ́n. Mo tú ọ sílẹ̀." Gbólóhùn yẹn ni iṣẹ́ náà. Òòlù tí wọ́n ń fúnni kò ju òòlù lọ. Gbogbo wa gbà pé ẹni tí wọn kò bá sọ ọ́ fún, kódà kó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ààfin, ọmọ iṣẹ́ ni títí ayé. Ọdún kẹrin mi lọ́dọ̀ wọn, ó ku oṣù kan kí wọ́n sọ ọ́ fún èmi àti Táfá, ẹnìkejì mi. Ìyá mi ti ra adìẹ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tí gbogbo wa ń pè ní Kòmándà, ṣí òtẹ́ẹ̀lì sí Ẹdẹ. Ó gbọ́ pé opó kan wà ní Alájue tó fẹ́ ta tábìlì sínúkà ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ibà ń ṣe ọ̀gá mi. Wọ́n ní, "Ràṣídì, lọ sọ iye tó tọ́ fún wọn. Iye tí o bá sọ, èmi ni mo sọ ọ́." Ẹ wo irú ẹrù tí wọ́n gbé lé mi lórí! Mo fò sókè. Mo wọ ṣáàtì funfun, mo mú ẹyin kan, mo gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí Alájue.

Ìyá náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń yọ ẹ̀gúsí. Olórìṣà ni wọ́n, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ, ara wọn mọ́ tónítóní, ilé wọn mọ́ bí ara wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ojú ẹ jọ ojú tí mo mọ̀. Ọmọ ta ni ọ́?" Ó yẹ kí n ní ọmọ iṣẹ́ Bùráímọ̀. Mo dárúkọ bàbá mi. Mo dárúkọ agbo ilé wa. Mo tún fi Àkànní kún un, bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ̀yìnkùlé ilé yín ni wọ́n bí mi sí!" Wọ́n gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. "Àkànní! Ọmọ arìn-gbẹ̀rẹ̀-wọ̀lú, kí onílùú tó dìde. Ọmọ ẹni tó fojú kan ohun tó dáa, tó sì mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ kì í bi ènìyàn léèrè lẹ́ẹ̀mejì, Àkànní, ojú rẹ̀ ni í dá a lóhùn!"

Orí mi wú. Ó wú débi pé mo rò pé fìlà mi máa ya. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ọ̀gá mi kì í pè mí ju "Ràṣídì" lọ. Mo rìn wọ pálọ̀ bí ọba tó ń lọ sórí ìtẹ́. Tábìlì wà níbẹ̀, ọ̀gánwó rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ kìnnìún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Mo gbá orí rẹ̀, ó dún gbì, bí òkúta. Mo fi ẹyin lé e, ẹyin jókòó bí ẹni tó délé bàbá rẹ̀. N kò rí tábìlì tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ rí, títí di òní olónìí.

Ìyá ní, "O ò ní wo abẹ́ rẹ̀?"

Mo wo ṣáàtì funfun mi. Mo ní, "Rárá, Màmá. Ojú mi ti dá mi lóhùn."

Wọ́n tún ní, "Àwọn tó ṣáájú wá wo abẹ́ rẹ̀ o."

Mo ní, "Wọn kì í ṣe ọmọ bàbá mi."

Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n kàn mí lẹ́jìká, wọ́n ní, "Àkànní, wo abẹ́ rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì sọ iye rẹ̀, iye tábìlì tó dára jù ní gbogbo agbègbè wa. Ìyá padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín." Kòmándà san owó lọ́jọ́ kejì láìjanpata, torí orúkọ ọ̀gá mi.

Ọkùnrin mẹ́jọ gbé tábìlì sínú ọkọ̀ akẹ́rù lódindi, torí Kòmándà ń kánjú, kò jẹ́ kí a tú u. A kò bò ó, torí oòrùn ń ràn. Kí a tó kọjá ìdajì ọ̀nà, òjò àkọ́rọ̀ ya lù wá. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, mo ń kọrin. Nígbà tí a dé òtẹ́ẹ̀lì, Kòmándà ti dúró pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀, aṣọ wọn funfun, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n sọ tábìlì kalẹ̀ sórí síménǹtì tuntun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tábìlì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi pupa kọ́kọ́ jáde láti inú àpò kan. Ó jáde láti inú ìkejì. Lẹ́yìn náà, àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrẹ̀ pupa rọ̀ṣọ̀-rọ̀ṣọ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé sì rì wọ àárín bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Òórùn ìgbẹ́ màlúù gba gbogbo ilé.

Kòmándà wo bàtà rẹ̀. Ó wò mí. "Ràṣídì, kí ni mo rà? Ṣé tábìlì ni àbí ebè? Ṣé kí n wá iṣu gbìn sí i ni?"

Amọ̀ ni. Kò sí òkúta. Ìyá Alájue ló mọ ilẹ̀ rẹ́ jù ní gbogbo abúlé wọn. Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, wọ́n ti yọ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti fi ṣe nǹkan mìíràn, wọ́n tẹ́ pákó àti ẹní síbẹ̀, wọ́n po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n sì rẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ilẹ̀ ilé, kí tábìlì ọkọ wọn má bàa ní ihò lójú àlejò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti wọ abẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, pákó àti ẹní ni ǹ bá rí.

Wọ́n lọ pe ọ̀gá mi. Wọ́n dé pẹ̀lú ibà lára, wọ́n wọ jalábíà funfun. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wo tábìlì, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn, wọ́n sì fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn tó rẹlẹ̀. "Ràṣídì, wá dùbúlẹ̀."

Mo dùbúlẹ̀ tì wọ́n. Ẹrẹ̀ ń kán sí wa lójú.

"Kí lo rí?"

"Pákó, sà. Àti ẹní."

"Ọjọ́ wo ló yẹ kí o ti rí i?"

"Ọjọ́ tí mo lọ, sà."

"Kí ló dé tí o ò rí i?"

Mo sunkún kí n tó lè dáhùn. "Wọ́n kì mí ni, sà."

Ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn wọ́ jáde. Wọ́n dá owó Kòmándà padà látinú àpò ara wọn, Kòmándà sì ní kí wọ́n gbé ebè wọn kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ òun. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí n lọ wá òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí.

Nígbà tí Ìyá Alájue rí mi lókèèrè, wọ́n ní, "Àkànní, ṣé o ti wá wo abẹ́ rẹ̀ wàyí?" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí. Wọn kò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n ní owó òkúta wà nínú owó tí àwọn ti gbà, kí n kó o, ṣùgbọ́n kí n wá ibi tí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ máa lọ. Òkúta kìíní, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ìkejì ni wọ́n fi ń lọ ata, ó ti jẹ kòtò sójú kan bí àwo. Ìkẹta wà nínú yàrá òrìṣà, ìkòkò omi Ọ̀ṣun ló jókòó lé e. Èmi ọmọ mùsùlùmí, mo dúró níwájú ìkòkò náà, òógùn bò mí. Ìyá ní, "Òrìṣà kò bá ọ jà. Ibi tó máa jókòó ló ń wá." Mo padà lọ bá ọ̀gá mi, wọ́n sì fún mi ní ojúlówó ọ̀gánwó, kí n fi kan àpótí fún ìkòkò Ọ̀ṣun. Mo tún lọ ra ọlọ ní Àrá. Nígbà tí a gbé ìkòkò kúrò, àmì rẹ̀ wà lójú òkúta, òbìrìkìtì funfun kan tí kò ṣeé fọ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí, ọwọ́ mi bó.

A kó òkúta sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo dé láti ilé lẹ́yìn ọdún iléyá, n kò rí i mọ́. Mo rò pé ọ̀gá mi ti tà á. Ta ni èmi tí màá béèrè?

Ní oṣù yẹn, wọ́n tú Táfá sílẹ̀. A jẹ adìẹ ìyá mi níbi ìnáwó rẹ̀. Èmi fi ọdún kan sí i, n kò sì já wọn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́. Nígbà tí ọdún pé, ọ̀gá mi fún mi ní òòlù àti tọ́ọ̀ṣì níwájú bàbá mi, wọ́n ní, "Máa lọ ṣiṣẹ́." Mo kúnlẹ̀. Mo gbé orí kalẹ̀, mo ń dúró de ọwọ́ wọn. Ọwọ́ kò dé. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti wọlé.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè láti ìlú sí ìlú, láìjẹ́ pé wọ́n tú mi sílẹ̀. Ẹni tó bá bi mí pé, "Ta ló tú ọ sílẹ̀?" ikọ́ á gbé mi. Mo kọ́ ilé, mo bí ọmọ, mo lọ sí Mẹ́kà, síbẹ̀ bí mo bá wà lábẹ́ tábìlì, ohùn kan á bi mí pé kí lo rí, màá sì dáhùn pé, "Òkúta, sà." Mo máa ń lọ kí ọ̀gá mi ní gbogbo ọdún. Tábìlì sínúkà kan wà ní pálọ̀ wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí gbọọrọ, kò ní ọ̀ṣọ́, orí rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé wa. Mo ti gbá sínúkà lórí rẹ̀, mo ti jó yí i ká. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ abẹ́ tábìlì ọ̀gá rẹ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀?

Irinṣẹ́ yí padà. A fi ẹyin sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í lo lẹ́fẹ̀lì tó ní omi nínú. Lẹ́yìn náà, fóònù dé tó ń sọ bóyá nǹkan dọ́gba, ṣùgbọ́n bí fóònù bá já bọ́, kò ṣeé dín jẹ. Tábìlì tuntun dé, ìyẹ̀fun igi ni wọ́n fi gáàmù lẹ̀ pọ̀, omi kọ́ọ̀bù kan ló ń pa á. Ní Ìwó, mo bá ewúrẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lábẹ́ tábìlì lọ́yà kan. Mo dùbúlẹ̀ tì í, mo kí i kú ewu ọmọ, mo sì wo òkúta mi. Nísinsìnyí, orí Wásáàpù ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á ya orí tábìlì dáadáa, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa wò ó, èló ni?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dá wọn lóhùn: Wo abẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fóònù sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi fọ́tò ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ránṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá ni Múfútáù, àkọ́bí ọ̀gá mi, pè mí. Bàbá rẹ̀ ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn ti fọ́. Páànù ilé ti jẹrà, ó fẹ́ ta tábìlì pálọ̀ kó fi kan òmíràn. Ẹnìkan ní Òṣogbo tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ máa rà á, ṣùgbọ́n ó ní iye tí Alhaji Ràṣídì bá sọ ni òun máa san. Múfútáù ń retí mílíọ̀nù mẹ́ta. Ó yọ́ bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Múínà, ilé ọ̀gá yín nìyí o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òjò pa wọ́n."

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá mi jókòó sórí àga, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tó fẹ́ ra tábìlì wà lápá kejì. Ọ̀gá mi ní, "Ràṣídì ni?" Mo ní èmi ni, sà.

Wọ́n bá la ẹnu. Ọ̀gá Bùráímọ̀ tí kò pè mí ju "Ràṣídì" lọ fún ọdún márùn-ún, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń kì mí! "Àkànní! Ọmọ arìn-gbẹ̀rẹ̀-wọ̀lú, kí onílùú tó dìde! Ojú tí í mọ ohun tó dáa! Kò sí ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ tó dà bí rẹ, Àkànní, ọba lábẹ́ tábìlì!" Mo sunkún, n kò parọ́. Orí mi wú ju ti Alájue lọ. Gbogbo ohun tí mo ti ń retí láti ìgbà èwe, wọ́n ń rọ̀ ọ́ sí mi lára bí òróró. Múfútáù ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ pé mílíọ̀nù mẹ́ta nígbà yẹn, gbogbo wa ì bá ti jẹun.

Àfi bí eékún mi ṣe dún kàù. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà nílẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ tábìlì ọ̀gá mi, èmi arúgbó tó ti lé láàádọ́rin.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Òkúta ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ojú tó dán wà lókè, ojú tó ti jìyà wà nísàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Lójú òkúta àárín, mo rí kòtò ata. Lójú èyí tó wà lápá òsì, òbìrìkìtì funfun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fọ̀ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Tábìlì Alájue ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Wọn kò tà á. Mo ti ń gbá sínúkà lórí ìtìjú ara mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

Ohùn tó rẹlẹ̀ yẹn wá láti òkè. "Kí lo rí?"

Mo fi kókó ìka kàn án, mo tẹtí, mo fi èékánná tọ ibi tí kòtò ata wà. "Òkúta, sà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ti sán, láti ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Kò tíì là dókè, ṣùgbọ́n kò ní dé Òṣogbo lódindi."

"Èló ni?"

Mo pa ojú dé. "Kò lè kọjá mílíọ̀nù kan, sà. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó àwọn tó máa gbé e."

Múfútáù ké, "Háà! Bàbá Múínà! Lẹ́yìn gbogbo oríkì yẹn?"

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi ni mo gbọ́ ẹ̀rín wọn nìyẹn, tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Wọ́n ní, "Múfútáù, dákẹ́. Àwọn mẹ́rin ló ti wá sọ iye rẹ̀ ṣáájú Ràṣídì. Gbogbo wọn ni mo kì. Kò sí èyí tó dùbúlẹ̀." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wá mi kiri abẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá adìẹ tó sá, títí wọ́n fi kan orí mi. Ọwọ́ wọn tutù.

"Ohun tí mo mọ̀, o mọ̀ ọ́n," wọ́n ní. "Mo tú ọ sílẹ̀. Dìde."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. N kò lè dìde, sà."

Múfútáù fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, oníbàárà fa ti òsì, wọ́n fi wọ́ mi jáde. Oníbàárà san mílíọ̀nù kan náà kó tó lọ, ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sọ òtítọ́ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi díẹ̀ kún un, Táfá náà fi díẹ̀ kún un, páànù ilé ọ̀gá wa pé.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Sìdíkátù wo ẹ̀yìn aṣọ mi, ó hó. "Bàbá Múínà, ṣé ẹ ò ní dàgbà ni?" Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbọn ọ́n. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi eruku ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi di alẹ́.